Kí A Kọ́kọ́ Lé Akátá Lọ Ná

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n ti gba orí fóònù kó owó ẹnìkan lọ nínú báǹkì. Kí ẹni náà tó parí àlàyé rẹ̀, ìbéèrè á ti máa rọ́ lù ú: "Kí ló dé tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́?" "Ta ló ní kí ẹ ka nọ́ńbà fún un?" "Ṣé ẹ kì í gbọ́ ìkìlọ̀ ni?" Akátá ṣì ń sá lọ nínú igbó, àwa sì dúró ti adìẹ tó fara gbọgbẹ́, à ń bá a wí.

N kò sọ pé adìẹ kò lẹ́bi rárá. Adìẹ tó bá ń jẹ̀ lọ sínú igbó ní àṣálẹ́ ní ìbáwí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: ta ló kan ilé adìẹ náà, ta ló sì fi ilẹ̀kùn tí kò ní ìdè sí i? Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ ààbò orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni ojúṣe àwa tí à ń lò ó, kí sì ni ohun tó tọ́ kí a máa retí lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, àwọn tó tà á fún wa, àti àwọn tó ń pa owó lórí rẹ̀?

Mo mọ ìyá kan nílùú Ìbàdàn tó ń ta aṣọ, tó sì tún jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jimọ̀ kan, ẹnìkan pè é, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sì dárúkọ báǹkì tó ń lò. Ó ní wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀ pa nítorí pé BVN rẹ̀ kò bá orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn mu. Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kí ó kà á fún òun kí aago mẹ́rin tó lù. Màmá ka nọ́ńbà náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti lọ, ti òun àti ti ẹgbẹ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí kò tíì dé. Màmá kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ó bímọ, àwọn ọmọ náà kàwé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an ni ọ̀kan nínú wọn ń ṣe. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí kò fi pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, ohun tó sọ ni pé: "Wọn yóò ní mo ti ń darúgbó. Wọn yóò gba fóònù lọ́wọ́ mi." Nítorí ìbẹ̀rù ìbáwí, ó fi odidi ọjọ́ mẹ́ta ta olè lọ́rẹ. Bí ẹni tí wọ́n jà lólè bá tètè kígbe, owó náà lè ṣì wà nínú àkáǹtì tí wọ́n kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí, báǹkì ibẹ̀ sì lè dè é mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ti Màmá, ó ti gba inú àkáǹtì mẹ́rin kọjá, wọ́n sì ti gbà á jáde lọ́wọ́ àwọn oní-POS.

Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù wo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà tí Màmá kà jáde ni òkè. Kí ló wà nísàlẹ̀?

Lákọ̀ọ́kọ́, olè náà ti mọ orúkọ rẹ̀ àti báǹkì rẹ̀ kí ó tó pè é. Màmá kọ́ ló sọ fún un. Láti ìgbà tí BVN ti dé ní 2014, tí ìjọba sì ní kí a so NIN mọ́ síìmù láti ìparí ọdún 2020, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí a kì í ti í kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù wa sílẹ̀: ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi orúkọ síìmù sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, àti lórí áàpù tó ń yáni lówó. Ibikíbi nínú wọn ni omi ti lè jò. Òótọ́ ni pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ògiri yìí kì í ṣe ti Màmá.

Èkejì, àwọn báǹkì fúnra wọn ló kọ́ wa láti gba ohùn tí a kò mọ̀ gbọ́. Wọ́n máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí a tẹ ibi báyìí báyìí. Òṣìṣẹ́ wọn máa ń fi nọ́ńbà lásán pè wá, á sì ní kí a kọ́kọ́ sọ ọjọ́ ìbí wa kí òun lè mọ̀ pé àwa ni. Ta ló wá yẹ kó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn, ẹni tó pè ni àbí ẹni tí wọ́n pè? Ẹni tí wọ́n ti ń bá sọ̀rọ̀ báyìí láti ọdún pípẹ́, báwo ni yóò ṣe fi etí lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti òṣìṣẹ́?

Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà mẹ́fà náà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní OTP. Ẹnìkan ló jókòó tó pinnu pé kí nọ́ńbà tó ń gba orí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé di kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Kì í ṣe Màmá. Ní 2017, àjọ NIST, tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ewu wà nínú ọ̀nà yìí, àti pé ẹni tó bá fẹ́ máa lò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ ewu rẹ̀, kí ó sì fún wọn ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè yàn. Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun ìní wa. Yíyá ni wọ́n yá wa. Ẹni tó bá lè tan òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láti gbé nọ́ńbà yín sórí síìmù tuntun ti gba kọ́kọ́rọ́ yín. Bí ẹ bá sì pa síìmù tì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ní 2018, àwọn DSS mú ọ̀dọ́kùnrin kan, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, nítorí pé nọ́ńbà síìmù tó rà ti jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, tẹ́lẹ̀ rí. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú Asaba padà dájọ́ pé kí àjọ náà san N10 mílíọ̀nù fún un. Ẹni tó ra ọjà ní ọ̀nà tó bófin mu ló jìyà ohun tí kò mọ̀wọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìtàn ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù, kò yàtọ̀ sí èyí. Ní 2003, Bill Burr, òṣìṣẹ́ NIST kan náà, kọ ìlànà tó tàn dé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri ayé: ẹ fi lẹ́tà ńlá sí i, ẹ fi nọ́ńbà sí i, ẹ fi àmì sí i, ẹ sì máa yí i padà lóòrèkóòrè. Àwọn ènìyàn gbìyànjú. Ẹni tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́ Ibadan1 yí i sí Ibadan2 nígbà tí wọ́n ní kó yí i padà, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kí ó má baà gbàgbé. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, aláìbìkítà ni. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1999 ni Anne Adams àti Angela Sasse, olùwádìí méjì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi hàn pé àwọn tó ń lo ẹ̀rọ kọ́ ni ọ̀tá: òfin tí kò bá iṣẹ́ òòjọ́ àti agbára ìrántí ọmọ ènìyàn mu ló ń sún wọn wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní 2017, NIST yí ìlànà náà padà. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ náà gùn dáadáa sàn ju kí ó kún fún àmì lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi dandan mú wa yí i padà láìnídìí. Lọ́dún náà gan-an ni Burr sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni wọ́n fi bá adìẹ wí lórí òfin tí ẹni tó ṣe é padà sọ pé kò dára.

Bí a ṣe ń ṣe é lójú pópó ló yẹ kí a máa ṣe é níhìn-ín náà. Nígbà tí wọ́n dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, awakọ̀ ni wọ́n dojú ìkìlọ̀ kọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mutí kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé kí awakọ̀ lọ ṣe bíréèkì fúnra rẹ̀. Bẹ́líìtì ìjókòó tó ń gba èjìká àti ìbàdí kọjá wà nínú ọkọ̀ nítorí pé Nils Bohlin, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Volvo, ṣe é ní 1959, tí ilé-iṣẹ́ náà sì gba àwọn yòókù láàyè láti lò ó. Iṣẹ́ awakọ̀ ni kí ó dè é mọ́ra. Iṣẹ́ ẹni tó ṣe ọkọ̀ ni kí bẹ́líìtì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni kí ọ̀nà dára. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ lára àwọn mẹ́ta yìí, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Nínú ilé wa náà, bákan náà ló rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, àwọn kan fi kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Mirai kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún káméra àti ẹ̀rọ Wi-Fi inú ilé jọ, wọ́n sì fi wọ́n dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò fi lè ṣí Twitter tàbí Netflix. Báwo ni wọ́n ṣe wọlé? Orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù bí 60 péré ni wọ́n ń dán wò, àwọn tí ilé-iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nínú díẹ̀ lára àwọn ẹ̀rọ náà, ẹni tó rà á kò tilẹ̀ ní ọ̀nà láti yí i padà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti wá fi òfin de èyí: láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ènìyàn, olùṣe sì gbọ́dọ̀ sọ iye àkókò tí òun yóò fi máa fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i.

Kí n má ṣègbè, ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀bi máa ń wà ní ìhà kejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò WannaCry ti kọ̀ǹpútà pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, títí kan àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ní láti sún àdéhùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn síwájú. Microsoft ti fi àtúnṣe tó lè dí ihò náà síta láti oṣù Kẹta. Oògùn wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, ọ̀pọ̀ kò lò ó. Nítorí náà, nígbà tí fóònù yín bá sọ pé àtúnṣe tuntun ti dé, ẹ má ṣe máa sún un sí ọ̀la títí ọdún yóò fi yí po.

Kí ni ó wá tọ́ kí a máa retí? Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí wa ń gbé, òfin kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024: bí oníjìbìtì bá tan ènìyàn láti fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn níbẹ̀, báǹkì gbọ́dọ̀ dá owó náà padà, títí dé £85,000. Báǹkì tí owó ti jáde àti báǹkì tí owó wọ̀ ni yóò jọ pín in san ní ìdajì-ìdajì. Ẹ kíyè sí ti èkejì yẹn. Báǹkì tó ṣí àkáǹtì fún olè náà ní ojúṣe, nítorí pé olè tí kò rí ibi gbé owó sí kò lè jalè dé ibi kan. Òfin náà kò gbè sẹ́yìn ẹni tó bá fi àìbìkítà tó burú jáì ṣe é. Nígbà tí àdánù bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní agbára láti ṣe àtúnṣe, àtúnṣe á yára.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà náà, ọwọ́ wa kò ṣófo. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ní bí ìsọfúnni tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan bá jò lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NDPC létí láàárín wákàtí 72, kí ó sì sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bí ewu rẹ̀ bá pọ̀. Bí báǹkì yín kò bá sì dá yín lóhùn, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà wà ní báǹkì àpapọ̀, CBN. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹni tí kò bá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọn á rò pé kò ní.

Ó wá ku ojúṣe tiwa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìbọwọ́lùwé yín ni OTP jẹ́. Kò sí òṣìṣẹ́ tó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Bí ẹnikẹ́ni bá pè pé báǹkì ni òun, ẹ gé ìpè náà, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín. Ẹ fi PIN sórí síìmù gan-an, yàtọ̀ sí ti fóònù, kí olè tó bá yọ ọ́ sínú fóònù mìíràn má lè gba àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà PUK rẹ̀ nítorí ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ máa hàn lójú fóònù tí ẹ ti tì pa. Ẹ jẹ́ kí owó ọjà wà lórí fóònù, kí owó ilé àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà nínú àkáǹtì mìíràn tí kò ní áàpù, tí kò sì ní káàdì. Owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ àṣẹ fóònù ẹnìkan ṣoṣo. Kí ó jẹ́ ẹni méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ní iṣẹ́ kan fún yín lọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwa ni a ra fóònù fún Màmá, àwa ni a ṣí áàpù báǹkì sórí rẹ̀, àwa ni a yan PIN. Àwa gan-an ni káfíńtà tó kan ilé adìẹ. A kò lè fi ọdún ìbí Bàbá ṣe PIN, kí a kọjá lọ sí Èkó, kí a wá padà dé bí adájọ́ nígbà tí akátá bá wọlé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Wọ́n ń fi ọgbọ́n ayé tọ́ wa sọ́nà. Ó yẹ kí a fi sùúrù tọ́ wọn sọ́nà nínú èyí.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ jókòó ti àwọn òbí yín, tàbí kí ẹ pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ báǹkì ní kóòdù tí ènìyàn lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn láti fi ti àkáǹtì pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá ti báǹkì wọn, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní ibi tí wọn yóò ti máa rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ gbólóhùn kan fún wọn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n gbà á gbọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù yìí, ì báà jẹ́ òru, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. N kò ní bá yín wí."